Bí A Ṣe Ń Fi Táńkì Type 10 ti Ilẹ̀ Japan Jagun Nínú War Thunder

Láàárín àwọn táńkì ìgbàlódé tó wà nínú War Thunder, ìyẹn géèmù ogun tí a ń gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Type 10 ti ilẹ̀ Japan jẹ́ ọ̀kan lára èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tètè mọ̀ ọ́n lò. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ táńkì Leopard 2 ti Jámánì tàbí Abrams ti Amẹ́ríkà yóò wọ inú rẹ̀, yóò gba àárín títì lọ, yóò kọjú sí ọ̀tá ní gbangba, ọta kan ṣoṣo yóò sì wọlé láti iwájú, eré parí. Kì í pẹ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi máa ń sọ fún gbogbo ayé pé wọn kò fi irin sí táńkì náà lára. Apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òótọ́, nítorí pé bí wọ́n ṣe ṣètò Type 10 nínú géèmù náà, irin ara ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò lè gba ọta tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yìn. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà tí Type 10 fi yọ láàárín wọn: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré ni ó ń fi ki ọta mìíràn sínú ìbọn, ó sì lè sá sẹ́yìn bó ṣe lè sá síwájú. Ẹni tó bá ń ronú nípa irin rẹ̀ yóò máa kú ṣáá; ẹni tó bá ń ronú nípa ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin yẹn ni yóò gbádùn rẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi kọ́ ọ bẹ́ẹ̀

Ilé-iṣẹ́ Mitsubishi Heavy Industries ló ṣe táńkì yìí fún àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Japan. Ọdún 2010 ni nọ́ńbà inú orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ní ọdún 2012. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, ìyẹn Type 90, wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 50, erékùṣù Hokkaido ní àríwá ni wọ́n sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sí, nítorí pé ilẹ̀ fẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣọ́nà fún Soviet láyé ìgbà náà. Láti gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gba orí afárá àti òpópónà tó wà ní àwọn erékùṣù yòókù jẹ́ iṣẹ́ ńlá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe Type 10, wọ́n dín ìwọ̀n rẹ̀ kù sí tọ́ọ̀nù 44, wọ́n sì lo irin ààbò tí a lè tú kúrò kí a sì tún dè padà.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní agbára ẹṣin 1,200. Gíà rẹ̀ kì í fò láti orí kan bọ́ sórí òmíràn, ńṣe ni ó ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láìdúró, èyí ló sì jẹ́ kí ó lè sáré kìlómítà 70 láàárín wákàtí kan, yálà síwájú tàbí sẹ́yìn. Ènìyàn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: awakọ̀, ayìnbọn àti ọ̀gá ọkọ̀. Ẹ̀rọ ló ń ki ọta sínú ìbọn 120 mm tí Japan Steel Works rọ fún un, nítorí náà kò sí ẹnì kẹrin tí a ń pè ní akọ́ta. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni géèmù náà gbé wọlé, wọn yóò sì hàn nínú gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ parí iṣẹ́ hangar kí ẹ tó jáde

Nínú hangar, ìyẹn ibi tí a ti ń ṣètò ọkọ̀ kí a tó wọ ogun, ẹ ṣí X-ray, tí ń fi inú táńkì hàn, kí ẹ sì wo ibi tí àwọn ọta yín wà. Àwọn kan wà lẹ́yìn orí táńkì, ìyẹn apá òkè tó gbé ìbọn tó sì ń yí. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ń ki ọta ti ń mú wọn. Bí ọ̀tá bá yìnbọn lu ibẹ̀, òrùlé ibẹ̀ ni iná máa ń gbà jáde, àwọn ènìyàn inú ọkọ̀ sì lè yè é. Ìyókù wà nínú ara ìsàlẹ̀, níbi tí iná kò ti ní ọ̀nà àbáyọ, bí èyí bá sì gbiná, gbogbo yín lẹ bá a lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe kó ọta kún inú táńkì. Ẹ dín iye rẹ̀ kù nínú àtòjọ ọta títí ẹ ó fi rí i nínú X-ray pé ibi tó wà lára ìsàlẹ̀ ti ṣófo, kí ẹ sì gbà pé ẹ ó máa padà sí ibi tí ẹ ti gba ààyè láti tún ọta kó. Àwọn tó ń kó ọta kún ọkọ̀ nítorí pé ẹ̀rù ń bà wọ́n pé yóò tán kì í sábà pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀ tí wọn yóò fi yìn ín tán.

Nínú ọta tí ẹ bá kó, ẹ jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù jẹ́ APFSDS, ìyẹn ọta gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gún irin. Ẹ mú ìwọ̀nba díẹ̀ nínú JM12A1, tó jẹ́ ọta abúgbàù, nítorí àwọn ọkọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí APFSDS lè gba inú wọn kọjá láìpa ẹnikẹ́ni, àti nítorí hẹlikọ́pítà tó bá ṣe àṣìṣe láti dúró sójú kan níwájú yín.

Ní ti àwọn àtúnṣe tí ẹ ní láti ṣí, Parts (fún títún ọkọ̀ ṣe) àti FPE (fún pípa iná) ni kó ṣáájú, torí pé táńkì tí kò lè tún ara rẹ̀ ṣe dáadáa, tí kò sì lè pa iná ara rẹ̀ dáadáa, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. APFSDS tó dára jù lọ ni kó tẹ̀ lé e, bí ó bá ṣì wà ní títì. Bí ẹ bá ń fi owó sórí àwọn ènìyàn inú ọkọ̀, ẹ mọ̀ pé òye kíki ọta kò ní yí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin náà padà, nítorí iṣẹ́ ẹ̀rọ ni; ẹ fi ti ìlera, títún ọkọ̀ ṣe àti fífojú rí ọ̀tá ṣáájú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí ibi ètò bọ́tìnnì. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò fọwọ́ kàn rí, òun sì ni bọ́tìnnì tí ń darí ṣọ́kì táńkì: èyí tí ń tẹ imú rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí ń gbé e sókè, àti èyí tí ń dá a padà sí ipò rẹ̀. Ẹ yan bọ́tìnnì tí ìka yín lè dé láìwo kíbọ́ọ̀dù. Ẹ ṣe bákan náà fún lésà tí ń wọn jíjìnnà, fún awò tí ń rí ooru, àti fún èéfín. Kí ẹ tún yan sáfà Yúróòpù bí ẹ bá ń gbá géèmù náà láti Nàìjíríà, torí òun ló sún mọ́ wa jù. Nínú táńkì tí gbogbo agbára rẹ̀ wà nínú ìyára, ìdádúró díẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń dun ni ju bó ṣe ń dun ẹni tó wà nínú táńkì onírin lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ́ ìsásẹ́yìn kí ẹ tó kọ́ ìbọn

Ẹ wọ Test Drive, ìyẹn pápá ìdánrawò inú géèmù náà, kí ẹ sì fi ìbọn sílẹ̀ ná. Ẹ wa táńkì náà lọ sẹ́yìn odi kan, ẹ yọ jáde, ẹ ka méjì, kí ẹ sì sá padà. Ẹ ṣe é títí tí ọwọ́ yóò fi máa tẹ bọ́tìnnì ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ bí ìbọn bá ti dún. Ohun tí ẹ ó kíyè sí ni pé Type 10 kì í lọ́ra kí ó tó gbéra. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, ó ti ń lọ. Àwọn T-72 àti T-90 ti Rọ́ṣíà máa ń sá sẹ́yìn ní nǹkan bíi kìlómítà 4 láàárín wákàtí nínú géèmù yìí, èyí tó túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá ti yọjú, ibẹ̀ ni wọn yóò jìyà tàbí jẹ oyè. Ẹ̀yin kò sí nínú irú ìdè bẹ́ẹ̀, ẹ má sì ṣe fi ara yín sínú rẹ̀.

Ẹ tún fi ẹ̀yìn wakọ̀ gba àwọn kọ̀rọ̀ tó há. Lójú ogun, ẹ kì í ní àyè láti yí kámẹ́rà wo ẹ̀yìn, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tó wà lẹ́yìn yín kí ẹ tó yọjú rárá: igi ni, òkúta ni, tàbí ọkọ̀ ẹlẹgbẹ́ yín. Ẹlẹgbẹ́ tó bá wá dúró sẹ́yìn yín gan-an ti gba ìdajì agbára táńkì yín lọ́wọ́ yín láìmọ̀. Bí ẹ bá rí i níbẹ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ kàn kúrò níbẹ̀ lọ wá ibòmíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yan ibùba yín lórí máàpù

Ibi tó bá táńkì yìí mu jù ni òkè kékeré tàbí gegele tí ó lè bo ara ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó fi jẹ́ pé orí rẹ̀ nìkan ló yọ. Orí táńkì náà rẹlẹ̀, kò sì fẹ̀ púpọ̀, ara ìsàlẹ̀ ló sì jẹ́ ibi àìlera rẹ̀. Nínú máàpù bíi El Alamein, tí iyanrìn rẹ̀ kún fún òkè àti kòtò, irú ibi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ jàra.

Ibi tí ṣọ́kì ti wúlò nìyí. Ṣọ́kì Type 10 jẹ́ ti epo àti gáàsì, ẹ sì lè fi tẹ iwájú táńkì sílẹ̀, kí ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, tàbí kí ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn ará Japan ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ìgbà Type 74, táńkì wọn àtijọ́, nítorí pé ilẹ̀ wọn kún fún òkè, ó sì ń jẹ́ kí ìbọn lè wo ìsàlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá wà lẹ́yìn òkè tí ọ̀tá sì wà ní àfonífojì, táńkì tí ìbọn rẹ̀ kò lè wolẹ̀ gbọ́dọ̀ gun òkè náà dé góńgó kí ó tó lè yìnbọn, ara rẹ̀ yóò sì ti hàn tán. Tiyín yóò tẹ imú sílẹ̀, orí nìkan ni yóò sì yọ.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ dúró sísàlẹ̀ góńgó náà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí yín, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì tẹ́tí; ìró ọkọ̀ ọ̀tá máa ń dún kedere nígbà tí tiyín bá dákẹ́. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì padà, ẹ rọra gun òkè títí awò ọ̀gá ọkọ̀, tó ga ju ti ayìnbọn lọ, yóò fi rí ìhà kejì. Ẹ dúró níbẹ̀. Awò ọ̀gá ọkọ̀ Type 10 lè rí ooru, ó sì ń yí fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé orí táńkì yí, nítorí náà ẹ lè wo gbogbo pápá láìjẹ́ pé ohunkóhun yọ síta tó lè jẹ́ kí wọ́n yìnbọn sí yín lọ́nà tó níláárí. Bí ẹ bá rí ọ̀tá, ẹ kọ́kọ́ yí ìbọn sí ọ̀nà ibẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà ní ìsàlẹ̀, ẹ tẹ imú táńkì sílẹ̀, kí ẹ tó wá sún síwájú ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi lésà wọn jíjìnnà, ẹ yìn ín, kí ẹ sì sá padà.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ níbi yìí. Awò ayìnbọn ga ju ẹnu ìbọn lọ, ó sì lè ṣẹlẹ̀ pé ẹ ń rí ọ̀tá dáadáa nínú awò, ṣùgbọ́n ọta yín yóò lu ilẹ̀ góńgó tó wà níwájú yín. Bí erùpẹ̀ bá fò sókè lójú yín nígbà tí ẹ yìnbọn, ẹ má ṣe fi ẹ̀sùn kan géèmù; ẹ sún síwájú díẹ̀ sí i nígbà mìíràn. Kí ẹ sì rántí láti dá ṣọ́kì padà sí ipò rẹ̀ kí ẹ tó sáré lọ síbòmíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí ẹ ó ṣe ná ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin

Ọ̀rọ̀ pàtàkì inú ìtọ́sọ́nà yìí wà níbí, mo sì rọ̀ yín pé kí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀yin àti T-72 kan pàdé, ẹ yìnbọn lẹ́ẹ̀kan náà, ọta yín kò pa á, tirẹ̀ náà kò pa yín. Ẹ̀rọ tí ń ki ọta fún T-72 ń gba ìṣẹ́jú àáyá bíi 7. Tiyín ń gba mẹ́rin. Èyí túmọ̀ sí pé láti ìṣẹ́jú àáyá kẹrin sí ìkeje, ẹ̀yin nìkan ni ìbọn yín ti ṣe tán. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yìí ni ogun yín. Ẹ sá padà sẹ́yìn òkè ní kété tí ẹ bá yìnbọn àkọ́kọ́, ẹ ka mẹ́ta sínú, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè padà kí ọta tó wọlé tán, kí ó fi jẹ́ pé bí orí táńkì ṣe yọ ni ìbọn ti gba ọta. Ẹ yìn ín, ẹ tún sá. Nígbà tí òun bá fi máa ṣe tán, ẹ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá dúró sókè fún gbogbo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin náà kò jèrè nǹkan kan, nítorí pé kì í ṣe T-72 yẹn nìkan ló wà lójú ogun. Ẹlòmíràn tí ẹ kò rí ti ń yí ìbọn bọ̀.

Sí táńkì tí ènìyàn ń ki ọta rẹ̀, bí Abrams àti Leopard 2, àlàfo náà kéré, ó sì sinmi lé bí akọ́ta wọn ṣe mọṣẹ́ tó àti bóyá ara rẹ̀ le. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé kíkà níbẹ̀. Ẹ fetí sí ìbọn wọn: bí ó bá dún tí kò sì bá yín, ìgbà yẹn ni kí ẹ yọ.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ dúró láìsá padà kò pọ̀. Bí àwòrán tó máa ń jáde lẹ́yìn ìbọn yín bá fi hàn pé ìdí ìbọn ọ̀tá ti bàjẹ́, tàbí pé ayìnbọn rẹ̀ ti kú, tí ẹ kò sì rí ẹlòmíràn nítòsí, ẹ dúró kí ẹ parí rẹ̀. Bákan náà ni bí ó bá kọ ẹ̀yìn sí yín. Yàtọ̀ sí ìyẹn, sísá padà ló dára, kódà nígbà tí ọkàn bá ń sọ fún yín pé ọta kan sí i yóò ṣe é.

Lẹ́yìn ìbọn méjì sí mẹ́ta láti ojú kan náà, ẹ kúrò níbẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà ní òdìkejì ti fi ìbọn wọn ṣọ́ ibi tí orí yín ti yọ. Ẹ sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì òkè náà, kí ẹ yọ láti ibi tí wọn kò retí. Ìyára táńkì yìí wà fún irú ìrìn kúkúrú bẹ́ẹ̀, tí ń gbé yín láti ibùba kan sí òmíràn láàárín ìgbà tí ọ̀tá ṣì ń wo ibi àtijọ́.

Ibi tí ẹ ó yìnbọn lù

Protection Analysis tó wà nínú hangar, tí ń fi hàn bóyá ọta lè gún irin táńkì kan, ló máa kọ́ yín ní èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ mú T-90M, Leopard 2A7V àti M1A2 SEP (oríṣi Abrams kan) síbẹ̀, ẹ yan ọta tí ẹ ń lò gan-an, kí ẹ sì máa yí wọn díẹ̀díẹ̀ láti wo ibi tó ń wọlé. Mo lè sọ díẹ̀ nínú ohun tí ẹ ó rí.

Lára táńkì Rọ́ṣíà, ọta wọn dùbúlẹ̀ yí ká ní ìsàlẹ̀, lábẹ́ orí táńkì. Bí ẹ bá rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fojú sí ìdajì ìsàlẹ̀ láàárín ara rẹ̀, ìbọn kan ṣoṣo sì lè parí ọ̀rọ̀ náà. Láti iwájú, irin ìsàlẹ̀ imú rẹ̀ àti agbègbè awò awakọ̀ ni ẹ ó wá, torí pé ìyókù iwájú náà le. Lára Leopard 2, orí rẹ̀ tó ní irin onígun níwájú kò ṣe é bá jà. Ẹ lu ìdí ìbọn kí ó má lè dáhùn, tàbí irin ìsàlẹ̀ iwájú. Awakọ̀ Leopard 2 jókòó sí apá ọ̀tún tirẹ̀, ọta inú ara ìsàlẹ̀ sì wà ní òsì rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé bí ó bá kọjú sí yín, apá ọ̀tún yín ni ẹ ó yìn. Abrams ní tirẹ̀ kì í sábà gbiná, nítorí ẹ̀yìn orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọta rẹ̀ wà. Ibi tí orí rẹ̀ ti pàdé ara ìsàlẹ̀ ni kí ẹ wá, kí ẹ sì retí pé ẹ lè nílò ọta kejì.

Bí ẹ kò bá mọ ohun tó wà níwájú yín, tí kò sì sí àyè láti ronú, ìdí ìbọn ni kí ẹ yìn. Ọ̀tá tí ìbọn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ ti fún yín ní ìṣẹ́jú àáyá tó pọ̀ ju mẹ́rin lọ.

Nínú ìlú

Máàpù bíi Advance to the Rhine, tó kún fún ilé àti títì tóóró, kò bá Type 10 lára mu, ṣùgbọ́n kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ sá fún un. Ẹ fi kọ̀rọ̀ ilé ṣe ohun tí òkè ń ṣe fún yín lóko. Ẹ yọ ìwọ̀nba tí ìbọn fi lè rí títì, ẹ yìn, ẹ sá padà. Ẹ má ṣe kọ́kọ́ fi imú yọ kí ìbọn tó tẹ̀ lé e. Ẹ ti yí ìbọn sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ tó dé kọ̀rọ̀ náà. Ẹ má sì ṣe jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò wọ agbègbè tí a ń jà fún, àyàfi bí ó bá jẹ́ pé ìyára yín lè gbé yín débẹ̀ kí ọ̀tá tó dé, kí ẹ sì ti kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó fi ìbọn ṣọ́ ọ.

Lésà, èéfín àti ohun tó ń bọ̀ láti òkè

Type 10 ní ohun èlò tí ń kìlọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá fi lésà wọ̀n ọ́n. Bí ìkìlọ̀ náà bá dún, ẹnì kan ti ń wọn jíjìnnà yín, yálà táńkì ni tàbí hẹlikọ́pítà. Ẹ má dúró láti wá a. Ẹ tẹ bọ́tìnnì èéfín, kí ẹ sì sá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé iwájú ni èéfín náà ń ṣú sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ sì gbọ́dọ̀ wà. Awò ooru ọ̀pọ̀ táńkì lè la òkùnkùn kọjá, ṣùgbọ́n èéfín yìí máa ń dí i fún ìgbà díẹ̀, èyí sì tó fún táńkì tó lè sáré bíi tiyín. Èéfín kò pọ̀ lọ́wọ́ yín, nítorí náà ẹ má fi ṣòfò nítorí ìbẹ̀rù lásán.

Ní ti ọkọ̀ òfuurufú, kò sí ohun tí táńkì fúnra rẹ̀ lè ṣe tó pọ̀. Ẹ má dúró ní gbangba fún ìgbà pípẹ́, ẹ máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tàbí igi ńlá, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ yín gbé ọkọ̀ tí ń yìnbọn sókè jáde. Bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ ṣe é, ẹ̀yin náà lè ṣe é lẹ́yìn tí táńkì yín bá ti bàjẹ́.

Bí ó bá jẹ́ Type 90 lẹ ṣì ní

Ọ̀nà kan náà ni. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ni òun náà ń fi ki ọta, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ní agbára ẹṣin 1,500 sì tó fún ìwúwo rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ẹ ó rí ni pé ṣọ́kì rẹ̀ lè tẹ imú sílẹ̀ kí ó sì gbé e sókè, ṣùgbọ́n kò lè da ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, nítorí pé àwọn ẹsẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló ní ṣọ́kì elépo, irin ayídà lásán ló wà fún àwọn ti àárín. Ọ̀gá ọkọ̀ rẹ̀ kò sì ní awò ooru tirẹ̀, nítorí náà ẹ ó máa lo bàìnókúlà púpọ̀ sí i kí ẹ tó yọ. APFSDS tó ń lò, JM33, kò lágbára tó ti Type 10, àwọn ibi tí mo kà sílẹ̀ lókè yìí ni kí ẹ máa yìn pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ẹ má ṣe fi í dán irin iwájú Leopard onírin onígun wò.

Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́

Ènìyàn mẹ́ta péré ló wà nínú táńkì yìí, bí méjì bá sì kú, eré ti parí fún un. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ti kú, ìwà yín gbọ́dọ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀: ẹ kúrò lójú ìjà, ẹ lọ sí agbègbè tí ẹgbẹ́ yín ti gbà, kí ẹ sì dúró níbẹ̀ títí ẹlòmíràn yóò fi rọ́pò ẹni tó kú náà. Níbẹ̀ náà ni ẹ ti lè tún ọta kó, èyí tí ẹ ó nílò gidigidi nítorí pé ẹ kó ìwọ̀nba jáde. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ táńkì ló já tàbí ẹ́ńjìnnì ló kú, ẹ kọ́kọ́ sọ èéfín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, nítorí pé ọ̀tá tó ṣẹ́ ẹsẹ̀ yín mọ ibi tí ẹ wà.

Bí táńkì náà bá bàjẹ́ pátápátá, ẹ má ṣe jáde kúrò nínú eré náà. Type 10 tí ẹ fi pa ọ̀tá díẹ̀ ti fún yín ní SP, ìyẹn máàkì tí a fi ń gbé ọkọ̀ mìíràn jáde, ẹ sì lè fi í gbé hẹlikọ́pítà AH-64DJP, ọkọ̀ òfuurufú F-15J tàbí ọkọ̀ mísáìlì Type 81 jáde, tí àwọn wọ̀nyí bá wà nínú àtòjọ yín. Bí òfuurufú bá kún fún ọ̀tá, Type 81 ni kí ẹ mú. Bí ó bá sì jẹ́ pé ilẹ̀ ni wọ́n ti ń lé ẹgbẹ́ yín, ẹ tún gbé Type 90 jáde, kí ẹ sì gba apá kejì máàpù lọ, kì í ṣe ibi tí ẹ kú sí.